Bí Iná Kò Bá Tán Láṣọ: Àwọn Kòkòrò Tó Ń Gbé Ìpéǹpéjú àti Bí A Ṣe Ń Lé Wọn

Ẹni tó bá sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ní Owódé Onírin, lójú ọ̀nà tó ti Máìlì 12 lọ sí Ìkòròdú, ariwo irin ni yóò kọ́kọ́ pàdé. Àwọn wẹ́dà ń jó irin pọ̀, àwọn kan ń lọ irin títí iná fi ń ta sókè, àwọn mìíràn ń tú ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ àjàgbé palẹ̀, epo dúdú sì ti mu ilẹ̀ yó. Ojú ń ṣiṣẹ́ gidi níbẹ̀, ó sì ń jìyà gidi. Ìdí nìyí tí èèyàn fi máa ń rí ọ̀gá àti ọmọṣẹ́ tí wọ́n ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú, tí wọ́n ń ṣẹ́jú ṣáá, tí wọ́n sì ń fi ìka ha etí ìpéǹpéjú.

Bí a bá bi wọ́n pé kí ló dé, èsì wọn kì í ju mẹ́ta lọ: èérún irin ló kó sí i, iná wẹ́dà ló ń dùn ún, tàbí Àpólò ló mú un. Lọ́pọ̀ ìgbà, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ojú yíyún kan wà tí kò ti ara irin wá, tí oògùn Àpólò kò sì lè ràn. Á lọ lónìí, á padà lọ́tùn-únla. Á yún ní òwúrọ̀ ju ọ̀sán lọ. Irun ìpéǹpéjú á máa já, etí ìpéǹpéjú á máa pọ́n, ìpin á máa lẹ̀ mọ́ ìdí irun. Ohun abẹ̀mí kan lè wà nídìí irú èyí, ohun tó fi etí ojú ṣe ilé, tó ń jẹ níbẹ̀, tó sì ń bímọ níbẹ̀.

Àwọn àgbà wí pé bí iná kò bá tán láṣọ, ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèékánná. Gbogbo ohun tí àròkọ yìí fẹ́ sọ wà nínú òwe náà. Bí a bá ń tẹ ojú, tí à ń ha á, tí à ń kán oògùn sí i, tí a kò mọ ohun tó ń gbé ibẹ̀ àti ibi tó ti wá, a kò tíì bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú.

Ilé tí wọ́n ń gbé

Ìpéǹpéjú kì í ṣe awọ lásán tó ń bo ẹyinjú. Etí rẹ̀ ni irun tò sí. Irun ti òkè máa ń tó àádọ́rùn-ún sí àádọ́jọ, ti ìsàlẹ̀ sì máa ń tó àádọ́rin sí ọgọ́rin. Irun kọ̀ọ̀kan ní ihò tirẹ̀ tó ti hù jáde. Lẹ́yìn ìlà irun yìí, àwọn ẹṣẹ́ epo kan wà nínú ìpéǹpéjú, wọ́n lé ní ogún ní òkè, wọ́n sì tó ogún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní ìsàlẹ̀. Nígbàkúùgbà tí a bá ṣẹ́jú, epo fẹ́ẹ́rẹ́ máa ń tinú wọn jáde, á tẹ́ lórí omi ojú, kò sì ní í jẹ́ kí omi náà tètè gbẹ.

Ihò tó móoru, epo tí kì í tán, awọ tó fẹ́lẹ́ tí ẹ̀jẹ̀ sún mọ́: kí ni kòkòrò kékeré tún ń wá? Ibẹ̀ sì ni a kì í sábàá fọ̀ dáadáa, nítorí pé bí ọṣẹ bá ti sún mọ́ ojú báyìí, a ti pa ojú dé, a sì ti bu omi sí i kí ó lè tètè kúrò.

Demodex, àlejò tí kì í jáde lọ́sàn-án

Èyí tó wọ́pọ̀ jù nínú wọn ni èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Demodex. Ẹsẹ̀ mẹ́jọ ló ní, ẹbí kan náà sì ni òun àti eégbọn. Jakob Henle ará Jámánì ló kọ́kọ́ mẹ́nu bà á ní ọdún 1841. Gustav Simon, dókítà awọ ara ní Berlin, ṣàpèjúwe rẹ̀ ní 1842, Richard Owen ará Gẹ̀ẹ́sì sì sọ ọ́ ní orúkọ tó ń jẹ́ títí dòní ní 1843. Oríṣi méjì rẹ̀ ló ń gbé ara èèyàn. Demodex folliculorum kò gùn ju ìdá mẹ́ta tàbí mẹ́rin nínú ìdá mẹ́wàá mìlímítà kan lọ. Inú ihò irun ló ń gbé, púpọ̀ nínú wọn sì lè há sínú ihò kan ṣoṣo. Demodex brevis kúrú jù ú lọ, inú ẹṣẹ́ epo ni ó máa ń sá sí, òun nìkan sì ni ó sábà máa ń dá wà níbẹ̀.

Ọ̀sán kì í ṣe ìgbà tiwọn. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú, tí ẹni tó gbà wọ́n lálejò sì ti sùn, folliculorum á jáde, á sì máa fà lórí awọ. Láàárín wákàtí kan, ó lè rìn tó sẹ̀ǹtímítà kan tàbí kí ó lé díẹ̀. Ẹnu ihò irun ni akọ àti abo ti ń pàdé. Lẹ́yìn náà ni abo á padà wọ inú ihò lọ yé ẹyin sí. Láti ìgbà tí ẹyin bá ti wà títí tí kòkòrò yóò fi dàgbà, tí yóò sì kú, kò ju ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta lọ. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi iye ọjọ́ yìí sọ́kàn, nítorí pé a ó nílò rẹ̀ nígbà tí a bá dé orí ìtọ́jú.

Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ń gbé Demodex kiri láìmọ̀. Bí ọjọ́ orí bá ṣe ń ga ló ń pọ̀ sí i, débi pé ó ṣòro láti rí ẹni tó ti lé ní àádọ́rin ọdún tí kò ní in lára. Nítorí náà, kí a kàn ní in kì í ṣe àìsàn. Ìgbà tó bá pọ̀ jù ni ọ̀rọ̀ ń di wàhálà. Á dí ihò irun, á dí ẹnu ẹṣẹ́ epo, ohun tó bá kú sínú ihò á jẹrà níbẹ̀, àwọn bakitéríà tó bá a rìn á sì mú kí etí ìpéǹpéjú wú. Epo kò ní í jáde dáadáa mọ́, omi ojú á máa gbẹ, ojú á máa ta bí ẹni pé iyẹ̀pẹ̀ wà nínú rẹ̀. Kókó kékeré á máa yọ létí ìpéǹpéjú, á sàn, òmíràn á tún yọ.

Àmì kan wà tí àwọn dókítà ojú fi ń dá a mọ̀ kíákíá: ìpẹ́ funfun kan tó yí ìdí irun ìpéǹpéjú po bí ìlẹ̀kẹ̀ ṣe ń yí ọrùn po. Dókítà á ní kí aláìsàn wo ìsàlẹ̀, á tan iná ẹ̀rọ àyẹ̀wò sí ojú, á sì wo ìdí irun tòkè. Bí ó bá fẹ́ kí ó dá òun lójú, á fa irun bíi mélòó kan tu, á sì gbé e sábẹ́ máíkírósíkóòpù, awò tí ń sọ ohun kékeré di ńlá. Ibẹ̀ ni a ti ń rí wọn, tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ìdí irun, tí ẹsẹ̀ wọn ń mì.

Iná tó fi irun ojú ṣe ilé

Ìkejì ni iná. Gbogbo wa la mọ iná orí, èyí tí àwọn ìyá máa ń wá ní irun ọmọ. Kì í sábàá dé ojú. Èyí tó máa ń dé ibẹ̀ ni iná irun abẹ́, Phthirus pubis lórúkọ rẹ̀ lẹ́nu àwọn onímọ̀. Ara rẹ̀ fẹ̀, ó kúrú, kò sì gùn ju mìlímítà kan sí méjì lọ. Ẹsẹ̀ mẹ́fà ló ní, èékánná ẹsẹ̀ rẹ̀ sì tóbi, ó tẹ̀ bí ti alákàn. Irun tí kò ṣù mọ́ra ló fẹ́ràn, nítorí pé ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti lè dì mọ́ irun méjì lẹ́ẹ̀kan náà ni ó ti ń rí ibi jókòó. Irun abẹ́ rí bẹ́ẹ̀, irun abíyá rí bẹ́ẹ̀, irun ìpéǹpéjú náà sì rí bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀jẹ̀ ló ń mu. Ó máa ń fi orí sọ awọ, kò ní í mira, débi pé ẹni tó bá wò ó lè rò pé èérí tàbí ìpẹ́ ni. Ẹyin rẹ̀ á lẹ̀ mọ́ irun típẹ́típẹ́, á sì pa láàárín nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan. Ìgbẹ́ rẹ̀ ni àwọn èérún pupa rúsúrúsú tí a máa ń rí lórí ìpéǹpéjú. Bí ó bá kúrò lára èèyàn, kì í pẹ́ ju ọjọ́ kan sí méjì kí ó tó kú.

Láàárín àgbàlagbà, ìbálòpọ̀ ni ó sábà máa ń gbé e láti ara ẹnì kan sí ara ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n ibùsùn kan náà, aṣọ ìnura kan náà àti aṣọ tí a jọ ń wọ̀ lè gbé e kiri pẹ̀lú. Ọmọṣẹ́ mẹ́rin tàbí márùn-ún tó jọ ń sùn sórí ẹní kan, tí wọ́n jọ ń fi tówẹ̀lì kan nu ojú, kì í ṣe ohun tó ṣàjèjì láàárín àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ ní Èkó. Ibẹ̀ ni ó yẹ kí ọ̀gá máa wò.

Bí ó bá jẹ́ ọmọdé ni a rí i lójú rẹ̀, ẹ jẹ́ kí a fara balẹ̀. Ó lè jẹ́ pé ó kó o lára òbí tàbí ẹ̀gbọ́n tí wọ́n jọ ń sùn. Ó sì lè jẹ́ àmì pé àgbàlagbà kan ti fọwọ́ kan ọmọ náà lọ́nà tí kò tọ́. Kí a má pariwo mọ́ ọmọ, kí a má sì fi ìtìjú bo ọ̀rọ̀ náà mọ́lẹ̀. Kí a gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, kí dókítà yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa. Ní Ìkẹjà, Mirabel Centre wà nínú ọgbà ilé ìwòsàn LASUTH láti ọdún 2013, iṣẹ́ wọn sì ni láti tọ́jú ẹni tí wọ́n bá fipá bá lò pọ̀, yálà ọmọdé tàbí àgbà.

Aràn tó ń gba ojú kọjá

Ìkẹta kì í gbé ojú, ó kàn máa ń gba ibẹ̀ kọjá ni. Ṣùgbọ́n òun ni ó máa ń dẹ́rù ba èèyàn jù. Aràn tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni, Loa loa ni wọ́n ń pè é. Abo rẹ̀ lè gùn tó sẹ̀ǹtímítà mẹ́rin sí méje, kò sì nípọn ju ìdajì mìlímítà lọ. Abẹ́ awọ ló ń rìn kiri. Lọ́jọ́ kan, èèyàn á kàn rí i pé nǹkan ń wọ́ lábẹ́ ìpéǹpéjú òun, tàbí kí ẹlòmíràn rí i lórí funfun ẹyinjú rẹ̀. Ìpéǹpéjú lè wú bámú, kí ó sì wálẹ̀ fúnra rẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀. Apá tàbí ọrùn ọwọ́ náà lè wú bẹ́ẹ̀. Orúkọ ìlú Kàlàbá ni àwọn dókítà fi ń pe wíwú yìí, láti ìgbà tí Douglas Argyll Robertson ti Edinburgh ti kọ̀wé ní 1895 nípa obìnrin kan tó ti gbé Old Calabar, tí aràn yìí sì wà lójú rẹ̀.

Ìtàn aràn náà ti pẹ́ ju ìyẹn lọ, ó sì kan àwọn baba ńlá wa. Ní 1770, Mongin, oníṣẹ́ abẹ ará Faransé, kọ̀wé nípa obìnrin adúláwọ̀ kan ní Saint-Domingue, ilẹ̀ tí à ń pè ní Haiti lónìí, tí aràn ń rìn lójú rẹ̀. Ní 1778, Guyot, tó ń bá ọkọ̀ òkun rìn, ròyìn irú rẹ̀ lára àwọn ẹrú tí wọ́n kó láti etíkun Áfíríkà lọ sí Amẹ́ríkà. Àwọn tí wọ́n fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ dè ní ìsàlẹ̀ ọkọ̀ ló gbé aràn náà dé ibi tí dókítà òyìnbó ti kọ́kọ́ kọ ọ́ sílẹ̀.

Eṣinṣin igbó kan tí wọ́n ń pè ní Chrysops ló ń gbé e. Ọ̀sán ni ó máa ń jẹni, èéfín igi sì máa ń fà á mọ́ra. Igbó ẹgàn àti oko rọ́bà ni ilé rẹ̀, kì í ṣe àárín ọjà Owódé. Ṣùgbọ́n awakọ̀ àjàgbé àti oníṣòwò irin máa ń rìnrìn àjò wọ inú igbó gúúsù àti ìlà-oòrùn, aràn yìí sì lè wà lára èèyàn fún ọ̀pọ̀ ọdún kí ó tó yọjú. Nítorí náà, bí ìpéǹpéjú ẹnì kan bá ń wú, tó ń wálẹ̀, ìbéèrè àkọ́kọ́ ni pé níbo ló ti gbé tàbí ṣiṣẹ́ rí.

Ní nǹkan bí ogún ọdún ó lé díẹ̀ sẹ́yìn, àwọn olùwádìí ní Nàìjíríà àti Kamẹrúùnù ṣe àwárí ọ̀nà tó rọrùn láti mọ abúlé tí aràn yìí pọ̀ sí. Ọ̀nà náà kò béèrè pé kí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ ẹnikẹ́ni. Ìbéèrè ni wọ́n ń béèrè: ṣé o ti rí aràn tó ń rìn lójú ara rẹ rí? Wọ́n á fi àwòrán hàn án, wọ́n á bi í pé ọjọ́ mélòó ló lò. Bí ó bá lo ọjọ́ kan sí méje, òun náà ni. Abúlé tí ogójì nínú ọgọ́rùn-ún àgbàlagbà bá ti dáhùn bẹ́ẹ̀, ewu wà níbẹ̀. Ìdí tí wọ́n fi nílò èyí ni pé ivermectin, oògùn tí wọ́n ń pín lọ́fẹ̀ẹ́ láti ọdún 1987 fún ìnàrun tó ń fọ́jú, lè ba ọpọlọ ẹni tí ọmọ Loa loa pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́. Oògùn rere ni. Ó mú ẹ̀bùn Nobel wá fún William Campbell àti Satoshi Ōmura ní 2015. Síbẹ̀, kì í ṣe ohun tí èèyàn ń rà ní kẹ́mísì gbé mì nítorí pé ojú ń yún un.

Bí aràn náà bá wà lórí ẹyinjú, dókítà ojú lè kán oògùn tí ń pa ìrora kú sí i, kí ó sì fà á jáde. Ìyẹn máa ń mú ìtura wá, ṣùgbọ́n kò wo àrùn náà tán, nítorí pé àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣì wà lábẹ́ awọ. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ló kàn. Ọ̀sán gan-an ni a sì gbọ́dọ̀ gba ẹ̀jẹ̀ náà, láàárín aago mẹ́wàá àárọ̀ sí aago méjì, torí ìgbà yẹn ni àwọn ọmọ aràn máa ń pọ̀ nínú rẹ̀.

Ìdin àti eégbọn

Méjì tó kù, ẹ jẹ́ kí a yára mẹ́nu bà wọ́n. Eṣinṣin kan wà tó máa ń yé ẹyin sórí iyẹ̀pẹ̀ tàbí aṣọ tútù tí a sá sílẹ̀. Ìdin rẹ̀ á gba awọ wọlé, á sì di eéwo tó ní ihò kékeré lórí. Ó lè yọ ní ìpéǹpéjú, pàápàá lára ọmọdé. Kí a sá aṣọ sókè, kí ó gbẹ dáadáa, kí a sì fi irin gbígbóná lọ̀ ọ́, ìyẹn ti tó láti pa ẹyin rẹ̀. Ti eégbọn, láti ara ajá ló ti sábà ń wá. Bí ó bá mú ìpéǹpéjú, kí a má fi iná sígá kàn án, kí a má sì da epo lé e. Dókítà á fi ẹ̀mú dì í mú ní ìdí ẹnu, á sì fà á ní gbọọrọ.

Bí a ṣe ń mọ èyí tó jẹ́

Ní ibi tí irin ti ń fò, tí iná wẹ́dà sì ń tàn, ó yẹ kí gbogbo ọ̀gá mọ ìyàtọ̀ wọ̀nyí. Èérún irin máa ń dé lójijì, ojú kan ṣoṣo ló sì sábà máa ń kó sí. Ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an ni. Iná wẹ́dà máa ń dákẹ́ fún wákàtí bíi mélòó kan, lóru ni á wá máa dun ojú méjèèjì bí ẹni fi ata sí i. Àpólò máa ń yára dé, ojú á pọ́n kíá, omi á máa dà, ẹni tó sún mọ́ aláìsàn náà á sì kó o láàárín ọjọ́ díẹ̀.

Ti kòkòrò kì í yá bẹ́ẹ̀. Ó máa ń lo ọ̀sẹ̀ àti oṣù. Kì í ṣe ẹyinjú ló ń yún, ìdí irun gan-an ni. Ìpẹ́ tó yí irun po, irun tó ń já tàbí tó ń wọ́, kókó tó ń padà yọ: Demodex nìyẹn. Èérún pupa rúsúrúsú àti ohun funfun kékeré tó lẹ̀ mọ́ irun tí kò ṣe é nù: iná nìyẹn. Wíwú tó ń dé tó ń lọ, tí nǹkan sì ń wọ́ lábẹ́ awọ: aràn nìyẹn.

Bí a ṣe ń fọ ìpéǹpéjú

Ìtọ́jú Demodex fẹ́ sùúrù ju owó lọ. Kí a kọ́kọ́ fọ ọwọ́, pẹ̀lú ọṣẹ àti omi. Mo mọ̀ pé epo pẹtiróò ni ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì fi ń fọ ọwọ́ kí ó lè mọ́. Bí a bá ti fi fọ ọ́, kí a tún fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ lẹ́yìn rẹ̀ kí ọwọ́ náà tó sún mọ́ ojú.

Lẹ́yìn náà, kí a rẹ aṣọ mímọ́ sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ tí ara lè gbà, kí a fún un, kí a pa ojú dé, kí a sì gbé e lé ìpéǹpéjú fún ìṣẹ́jú márùn-ún sí mẹ́wàá. Bí ó bá ti ń tutù, kí a tún un rẹ. Ooru yìí ló ń yọ́ epo tó ti dì nínú ẹṣẹ́. Kí a wá fi ìka ra ìpéǹpéjú jẹ́jẹ́: ti òkè, kí a rà á sísàlẹ̀, ti ìsàlẹ̀, kí a rà á sókè, kí epo lè jáde sí ìhà irun.

Èyí tó kàn ni fífọ ìdí irun. Kí a fi òwú mímọ́ kan ọṣẹ ìfọrun ọmọdé tí a ti fi omi là, tàbí ọṣẹ ìpéǹpéjú tí dókítà bá júwe, kí a sì máa nu ìdí irun láti ẹ̀gbẹ́ kan dé èkejì. Òwú kan fún ojú kan. Kí a fi omi mímọ́ ṣan án. Ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́, àárọ̀ àti alẹ́. Kí ni ìdí tí a kò fi ní í dúró lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan tí ìyún bá dáwọ́ dúró? Ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta tí mo ní kí ẹ fi sọ́kàn ni. Ẹyin tó wà nínú ihò lónìí yóò pa, yóò dàgbà, yóò sì tún yé tirẹ̀. Bí a kò bá fọ̀ ọ́ tó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ìran kejì á kàn gba ipò ti àkọ́kọ́ ni.

Àwọn oògùn mìíràn wà tí dókítà lè fi kún un. Epo kan tí wọ́n ń fún lára ewé igi kan ní Australia, tea tree oil, máa ń pa Demodex, ṣùgbọ́n ó ń ta ojú gan-an bí a kò bá là á. Nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má rà á kán sí ojú. Ní oṣù kéje ọdún 2023, ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí lotilaner, oògùn àkọ́kọ́ tí wọ́n fọwọ́ sí níbẹ̀ fún àìsàn yìí ní pàtó. Ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́ ni wọ́n ń kán an, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà.

Ti iná yàtọ̀. Dókítà á fi ẹ̀mú kékeré mú iná àti ẹyin rẹ̀ kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan, á sì ní kí aláìsàn máa fi Vaseline tó mọ́, èyí tí wọ́n ṣe fún ojú, kun ìdí irun nípọn ní ẹ̀ẹ̀mejì sí ẹ̀ẹ̀mẹrin lójúmọ́ fún bí ọjọ́ mẹ́jọ sí mẹ́wàá. Vaseline yẹn á dí ihò tí iná fi ń mí. Oògùn iná orí kò gbọdọ̀ kan ojú. Kí a fi omi gbígbóná fọ aṣọ, aṣọ ibùsùn àti tówẹ̀lì. Èyí tí kò bá ṣe é fọ̀, kí a dì í sínú ọ̀rá fún ọ̀sẹ̀ méjì. Kí wọ́n sì tọ́jú irun abẹ́ aláìsàn náà, àti gbogbo ẹni tí wọ́n jọ ń sùn. Bí a bá wo ojú nìkan, tí a fi ẹní sílẹ̀, iná kò tíì tán láṣọ.

Ohun tí kò gbọdọ̀ kan ojú

Ibí yìí ni ọkàn mi wà jù. Kòkòrò etí ojú kì í sábàá fọ́ ojú èèyàn. Ohun tí a fi ń lé e ló ń fọ́ ọ. Kẹrosíìnì àti pẹtiróò, ìtọ̀, omi ewé, omi bátìrì: gbogbo ìwọ̀nyí lè jó ẹyinjú. Oògùn ojú tí sítẹ́rọ́ọ̀dù wà nínú rẹ̀ náà ń bẹ, tí wọ́n ń tà ní kẹ́mísì fún ẹni tó bá kàn ní ojú ń yún òun. Ìyún á lọ lójú ẹsẹ̀, ìdí nìyẹn tí àwọn èèyàn fi fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá ń kán an fún oṣù púpọ̀, ìfúnpá inú ojú lè ga, kí ó sì di glaucoma, àrùn tó ń jí ojú lọ láìdunni. Nínú ìwádìí tí wọ́n ṣe káàkiri Nàìjíríà láàárín 2005 sí 2007, glaucoma ló ṣe ipò kejì sí ojú yíyọ́ (cataract) nínú ohun tó ń fọ́ àgbàlagbà lójú. Ojú tí glaucoma bá sì ti fọ́ kì í là mọ́.

Tìróò náà ń kọ́? Ohun ẹ̀ṣọ́ ìyá wa ni. Ṣùgbọ́n ìgò kan àti igi kan tí gbogbo agbo ilé ń kì bọ ojú, ohun tó wà létí ojú ẹnì kan lè bá igi náà dé ojú gbogbo wọn. Òmíràn ni pé òjé máa ń pọ̀ nínú rẹ̀. Ní Boston ní Amẹ́ríkà, ní 2011, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ọmọ ọwọ́ kan tí ìdílé rẹ̀ jẹ́ ti Nàìjíríà fi hàn pé òjé ti wọ ara rẹ̀. Tìróò tí wọ́n fi ń lé ojú fún un ni. Nígbà tí wọ́n yẹ tìróò náà wò, òjé tó wà nínú rẹ̀ lé ní ìdá ọgọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún. Irun ìpéǹpéjú tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ojú ní ṣọ́ọ̀bù aṣerunlóge náà kì í jẹ́ kí èèyàn lè fọ ìdí irun rẹ̀. Ẹni tí etí ojú rẹ̀ bá ń yún, kí ó yọ ọ́ kúrò títí yóò fi sàn.

Ibi tí ìtọ́jú ti ń bẹ̀rẹ̀

Láti Owódé Onírin, ilé ìwòsàn ìjọba ti Gbàgádà kò jìnnà. LASUTH wà ní Ìkẹjà, LUTH sì wà ní Ìdí-Àràbà fún ọ̀ràn tó bá le. Ẹni tí ojú rẹ̀ bá ti yún ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ, tí irun rẹ̀ ń já, tàbí tí ìríran rẹ̀ ń ṣe bàìbàì, kí ó má ṣe dúró dé oògùn kẹta ní kẹ́mísì.

Ṣùgbọ́n kí a tó dé ilé ìwòsàn, ọwọ́ àwọn ọ̀gá ni iṣẹ́ tó pọ̀ jù wà. Gálọ́ọ̀nù omi kan àti ọṣẹ kan níwájú ṣọ́ọ̀bù. Tówẹ̀lì tirẹ̀ fún ọmọṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n ń fọ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ẹní àti ìrọ̀rí tí wọ́n ń sá sóòrùn. Awò ojú wẹ́dà, kí ọwọ́ má baà máa wá èérún lójú ní gbogbo ìgbà. Kò sí èyí tó wọ́n ju ìgò oògùn ojú méjì lọ nínú wọn, ọmọṣẹ́ tó bá sì kọ́ ọ lọ́dọ̀ ọ̀gá yóò gbé e dé ilé tirẹ̀ lọ́jọ́ tó bá gba òmìnira.